Olórùka àbí Máàbù? Bí A Ṣe Ń Yan Àwọ̀ àti Ọnà Ara Ológbò Bengal

Àwọn tó fẹ́ mú ológbò Bengal sílé kì í sábà jiyàn lórí ìwà rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé eléré ni, pé á gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, pé á máa fi ọwọ́ gbá omi tó ń kán. Orí àwọ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ á ní aláwọ̀ fàdákà lòun fẹ́, ìyàwó á ní funfun ló wu òun, àwọn ọmọ á sì ti rí fọ́tò ọ̀kan tó jọ ẹkùn gẹ́lẹ́, wọn ò ní gbọ́ ti òmíràn mọ́. Kí ẹ tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan: àwọ̀ tí ẹ rí lára ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 kọ́ ni àwọ̀ tí ẹ máa bá gbé. Irun Bengal ń yí padà bó ṣe ń dàgbà. Ti òmíràn ń yí díẹ̀, ti òmíràn ń yí débi pé ẹ lè búra pé wọ́n pààrọ̀ ọmọ fún yín. Òun ni mo máa fi ṣe òṣùwọ̀n bí mo ṣe ń fi wọ́n wé ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọnà ara náà ti wá. Ológbò igbó kékeré kan wà ní Éṣíà, láti Íńdíà títí dé Ṣáínà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Prionailurus bengalensis. Ara rẹ̀ rí tóótòòtó bíi ti ẹkùn, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ológbò ilé lọ. Ní 1963, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jean Mill fi í pọ̀ mọ́ ológbò ilé, wọ́n sì bímọ. Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà kí Bengal tó di ìran tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀: TICA, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ìran ológbò sílẹ̀ tó sì ń ṣe ìdíje wọn, gbà á wọlé ní 1986, ó bẹ̀rẹ̀ sí í díje gẹ́gẹ́ bí ìran kíkún ní 1991, CFA, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mìíràn, náà sì gbà á ní 2016. Ẹkùn kékeré tó lè gbé inú ilé ni wọ́n ń lé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn adájọ́ ìdíje fi ń tẹjú mọ́ ohun kan lára gbogbo wọn, àwọ̀ yòówù kó jẹ́: ṣé àmì ara yàtọ̀ gedegbe sí ilẹ̀, ìyẹn àwọ̀ ara tó wà lé lórí?

Tóótòòtó àti máàbù

Ọnà méjì péré ló wà. Gbogbo àwọ̀ tí mo máa kà nísàlẹ̀ ló lè wá nínú méjèèjì, nítorí náà ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Tóótòòtó ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú rẹ̀ náà, oríṣi méjì la máa ń rí. Ti àkọ́kọ́, àmì rẹ̀ dúdú lásán, bí ìgbà tí èèyàn ki ìka bọ tàdáwà tó wá ń tẹ̀ ẹ́ kiri ara ẹran. Èkejì ni olórùka, tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní rosette. Ẹ tẹ ojú mọ́ òrùka kan ṣoṣo, àwọ̀ mẹ́ta lẹ máa kà níbẹ̀: etí rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ilẹ̀ tó yí i ká sì tún fúyẹ́ ju inú rẹ̀ lọ. Bí inú àti ilẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ kan náà, òrùka náà kò tíì pé. Òmíràn rí bí ẹnu ọfà, òmíràn bí ojú ẹsẹ̀ ajá lórí iyẹ̀pẹ̀, òmíràn sì pa ẹnu dé yíká bí òrùka ìka. Èyí tó pa ẹnu dé yìí làwọn èèyàn ń dù jù.

Bí àmì ṣe tò tún ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Ó yẹ kó fọ́n ká, tàbí kó sùn gbọọrọ láti èjìká lọ sí ìdí. Bí ẹ bá rí i tó tò láti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ikùn bí egungun ìhà, ilà ológbò ilé ló ń yọjú níbẹ̀ yẹn. Adájọ́ á yọ máàkì nítorí rẹ̀. Nínú ilé kò pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín lówó olórùka.

Máàbù kò ní àmì tóótòòtó rárá. Ọnà tirẹ̀ ń ṣàn ni. Ó dà bí òróró dúdú tí ẹnì kan dà sójú omi tó ń lọ: ó ń na ara rẹ̀ láti èjìká dé ìrù, ó ń ká kò níbí, ó ń là lọ́hùn-ún, kò sì sí ibi tí ẹ máa fi ìka tẹ̀ tí ẹ máa ní ibí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ológbò ilé náà ní ọnà kan tó jọ ọ́, tó ń yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bí ìkarahun ìgbín. Yíyí po yẹn ni a kò fẹ́ lára Bengal. Kí ó gùn, kí ó sùn, ni a fẹ́.

Jíìnì, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó ń fa máàbù ní ìtàn kan tó dùn mọ́ mi. Taqpep lorúkọ rẹ̀. Ní 2012, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé jíìnì yìí tó yí padà lára ológbò, tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ fi di ọnà fífẹ̀ tó ń ká kò, òun kan náà ló yí padà lára cheetah, ẹranko igbó ilẹ̀ Áfíríkà kan tó jọ ẹkùn, tí àmì kéékèèké rẹ̀ fi papọ̀ di ilà ńláńlá. Irú cheetah bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní king cheetah. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tún sọ fún yín pé máàbù kò jọ ẹranko igbó, ẹ ti ní èsì lẹ́nu.

Jíìnì yìí máa ń fara pamọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á lọ́dọ̀ ìyá àti lọ́dọ̀ bàbá kí ó tó hàn lára rẹ̀. Bí máàbù bá gun máàbù, máàbù nìkan ni wọ́n máa bí. Àmọ́ tóótòòtó méjì tó gbé e pamọ́ lè bí máàbù, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ẹ bá ọmọ máàbù kan láàárín àwọn olórùka? Ẹ má fi ẹ̀sùn kan ìyá rẹ̀.

Ní ti yíyí padà, àmì tóótòòtó máa ń dúdú lásán nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, inú rẹ̀ á máa là, òrùka á sì jáde. Máàbù ló ń pẹ́ jù. Ọmọ rẹ̀ máa ń rí rúdurùdu, dúdú á pọ̀ lára rẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, ó sì lè gbà tó ọdún 2 kí ọnà náà tó là tán. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń fi í sílẹ̀. Wọ́n á wo ọmọ oṣù méjì, wọ́n á ní kò mọ́ lójú, wọ́n á kọjá lọ. Èmi ò ní fi bò, máàbù ló wù mí jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní sùúrù, tó fẹ́ kí ohun tó rà tẹ́ ẹ lọ́rùn lọ́jọ́ tó gbé e délé, olórùka ni kó mú.

Ìgbà tí gbogbo wọn ń burẹ́wà

Bí ọmọ Bengal bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, irun gígùn kan, tó rí bí eérú, á bẹ̀rẹ̀ sí í hù bo gbogbo ara rẹ̀. Ara á ṣú, àmì á rá. Àwọn ọlọ́sìn gbà pé ogún tó jẹ lọ́dọ̀ ológbò igbó ni, pé òun ló ń fi ọmọ pamọ́ fún àwọn ẹran apẹran nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde. Irun yìí lè wà lára rẹ̀ títí di oṣù 4, ti òmíràn á tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ sì rántí pé àárín ìgbà yìí gan-an làwọn èèyàn ń lọ mú ọmọ.

Ojú mi rí i. Èyí tí mo kọ́kọ́ mú, fọ́tò ọ̀sẹ̀ 3 rẹ̀ ni mo rí, ó ń dán, àmì rẹ̀ dúdú kirikiri. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ohun tí wọ́n gbé fún mi dà bí àkísà tí wọ́n fi nu ààrò. Mo dì í mọ́ra, mo ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń sọ pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Mo tilẹ̀ fi fọ́tò náà wé ojú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó tó oṣù karùn-ún kí imú àti iwájú orí rẹ̀ tó kọ́kọ́ mọ́, lẹ́yìn náà ni èjìká, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́. Ọmọ kan náà ni, kò sẹ́ni tó lù mí ní jìbìtì kankan.

Bí ẹ bá fẹ́ wo inú irun yìí, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rin ọwọ́ yín, kí ẹ fà á gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà. Irun gígùn á lẹ̀ mọ́ ara, àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á hàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọ náà lè má fẹ́ràn yín mọ́ lọ́jọ́ náà.

Búráùn àti fàdákà

Búráùn ló pọ̀ jù, òun náà ló sì jọ ológbò igbó náà jù. Orúkọ yẹn kò sọ gbogbo rẹ̀, torí búráùn kan lè fúyẹ́ bí iyẹ̀pẹ̀ etídò, kí òmíràn pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Àwọn èèyàn ń wá èyí tó pọ́n, èmi náà gbà pé ó rẹwà, àmọ́ èyí tó fúyẹ́ náà máa ń jẹ́ kí àmì dúdú yọ dáadáa. Ṣóńṣó ìrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ wúrà.

Fàdákà kò ní pupa kankan lára bó bá jẹ́ ojúlówó. Ilẹ̀ ara rẹ̀ funfun tàbí kó jọ irin tí wọ́n nù, àmì rẹ̀ sì dúdú bí kóró iṣin. Nínú fọ́tò, kò sí èyí tó mú ojú tó o. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni ìpáta: ìpọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó máa ń yọ lẹ́bàá imú, lórí ẹsẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara pàápàá. Ó lè má sí níbẹ̀ nígbà tó kéré, kó wá yọ nígbà tó bá dàgbà. Bí mo bá fẹ́ mọ bí ọmọ fàdákà kan ṣe máa rí lọ́la, imú àti ẹsẹ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀ ni mo ń wò.

Ìyàtọ̀ ńlá kan tún wà láàárín jíìnì fàdákà àti ti máàbù. Ti fàdákà kì í fara pamọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ti tó láti mú ọmọ di fàdákà, nítorí náà ó di dandan kí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Bí wọ́n bá ní fàdákà ni ọmọ kan, tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sì jẹ́ búráùn tó pọ́n, ẹ béèrè àyẹ̀wò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ búráùn tó fúyẹ́ ni wọ́n yà fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù oníná funfun. Gílóòbù tó pọ́n náà lè sọ fàdákà gidi di onípáta. Ojú ọ̀sán, lẹ́bàá fèrèsé, ni kí ẹ ti wò ó.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní yìnyín

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni oríṣi mẹ́ta ni: lynx, mink àti sepia. Inú jíìnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá, èyí tó ń bá ara ṣe èròjà tó ń kun irun. Oríṣi ìyípadà méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tí a mọ̀ lára ìran Siamese, ọ̀kan tí a mọ̀ lára ìran Burmese. Ọmọ tó bá gba ti Siamese lọ́wọ́ òbí méjèèjì, lynx ni. Èyí tó bá gba ti Burmese lọ́wọ́ méjèèjì, sepia ni. Èyí tó bá gba ọ̀kan láti ọ̀tún, tó gba èkejì láti òsì, mink ni. Ẹ wá rí i pé bí lynx bá gun sepia, gbogbo ọmọ wọn ló máa jẹ́ mink, bí mink bá sì gun mink, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jáde nínú ìbí kan.

Ẹ gbé wọn síra lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn. Ti lynx funfun bíi lékeléke, ẹ lè má rí àmì kankan lára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ni ọnà rẹ̀ á máa yọ bí fọ́tò tí wọ́n rẹ sínú omi. Ti mink àti ti sepia ti ní àmì tó hàn láti ìbí. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà, lynx ló fúyẹ́ jù, sepia ló ṣú jù, àmì sepia sì máa ń jẹ́ búráùn tó jinlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó rí bí eyín erin. Mink wà láàárín.

Ojú ni àmì tó dájú jù. Ẹyinjú lynx búlúù, búlúù náà ló sì máa jẹ́ títí ayé rẹ̀. Ti mink wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé, bí omi òkun tí oòrùn ràn sí. Ti sepia jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí wúrà. Ẹ ṣọ́ra o: gbogbo ọmọ ológbò, dúdú, búráùn, yìnyín, búlúù ni ojú wọn máa ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá ra lynx torí pé ojú ọmọ ọ̀sẹ̀ 4 búlúù, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń mú lynx kì í mọ̀ ṣáájú. Èròjà tó ń kun irun rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ara bá ti gbóná. Ìyẹn ló fà á tí etí, ìrù àti ẹsẹ̀, tí òtútù tètè ń mú, fi ṣú ju àárín ara lọ, ìyẹn náà ló sì fà á tí gbogbo ara rẹ̀ fi ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Abo lynx kan wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tí dókítà ẹran yọ ilé ọmọ rẹ̀. Wọ́n fá irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní igun mẹ́rin tó mọ́ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí irun yẹn hù padà, ó hù ní búráùn, nítorí pé awọ ibẹ̀ wà lásán nínú òtútù nígbà tó ń hù. Ọ̀rẹ́ mi rò pé egbò ló kẹ̀. Ìgbà tí irun náà re, tí òmíràn rọ́pò rẹ̀, ni ojú ibẹ̀ tó bá ìyókù dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ funfun tí kò ní yí padà rárá kò ní rí i lọ́dọ̀ lynx. Sepia lọ́wọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kò tó ti lynx rárá, torí náà bí ẹ bá fẹ́ yìnyín tí ẹ kò fẹ́ ìyàlẹ́nu, sepia ni kí ẹ lọ wò.

Èédú, dúdú, eérú

Aláwọ̀ èédú kì í ṣe àwọ̀ tó dá dúró. Búráùn, fàdákà tàbí yìnyín kan tó da aṣọ dúdú bora ni. Ìbòjú dúdú á wà lójú rẹ̀, ọ̀nà dúdú kan tó fẹ̀ á sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ìrù. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì California tó wà ní Davis tú àṣírí rẹ̀: jíìnì agouti (èyí tó ń jẹ́ kí ọnà ara hàn) kan tó wá láti ọ̀dọ̀ ológbò igbó náà ló bá jíìnì dúdú ti ológbò ilé pàdé lára ọmọ kan. Lójú tèmi, fàdákà tó ní èédú lẹ́yìn ló gún régé jù nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí òrùka hàn kedere, ẹ fo èyí, torí aṣọ dúdú yẹn máa ń gbé àmì ẹ̀yìn mì.

Dúdú pátápátá náà wà, èyí tó gba jíìnì dúdú lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ilé ẹ máa rò pé kò ní ọnà kankan. Ẹ gbé e sójú oòrùn, òrùka á yọ lábẹ́ dúdú bí ojú omi aṣọ tó ń dán. Bó bá ń sùn sójú oòrùn púpọ̀, dúdú rẹ̀ á máa pọ́n. Aláwọ̀ eérú, tí wọ́n ń pè ní búlúù, jẹ́ dúdú tó fúyẹ́, jíìnì rẹ̀ náà máa ń fara pamọ́. Kò pọ̀, ìyàtọ̀ àmì rẹ̀ sí ilẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ẹni tó bá ń rò ti ìdíje, kó ka òfin ẹgbẹ́ tó fẹ́ wọ̀ kó tó sanwó lórí méjèèjì yìí, torí òfin ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Wọ́n tún máa sọ fún yín nípa glitter, irun tó ń tàn yinrinyinrin bí oòrùn bá kàn án. Lára búráùn ó rí bí wúrà tí wọ́n lọ̀ kúnná, lára yìnyín ó rí bí ìrì. Kì í ṣe gbogbo Bengal ló ní in. Ó dára bó bá wà, àmọ́ mi ò ní tìtorí rẹ̀ fi ọmọ tó ní ọnà tó dára sílẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Àwọ̀ kò ní kí Bengal kan sàn ju èkejì lọ ní ìlera. Ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò jíìnì òbí rẹ̀ fún PRA-b, àrùn tó ń fọ́ wọn lójú láti kékeré, àti fún PK deficiency, tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ. Ti àrùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní HCM, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ọkàn ni dókítà fi ń wò ó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Àyẹ̀wò jíìnì tún lè sọ ohun tí ọmọ gbé pamọ́ nínú àwọ̀. Òwú lásán ni wọ́n máa fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú, kò dùn ún.

Ẹ yẹ àyà àti ìsàlẹ̀ ikùn wò. Ikùn tó funfun, tí àmì sì wà lórí rẹ̀, la ń fẹ́. Ojú funfun kékeré kan láyà tàbí lọ́rùn, tó dá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, kò bá òfin ìdíje mu, torí náà ó lè mú kí ẹni tó ń ta ọmọ dín owó rẹ̀ kù. Bí ẹ kò bá ní gbé e lọ síbi ìdíje kankan, ẹ̀yin lẹ jèrè.

Ní ti fọ́tò, ẹ ní kí wọ́n fi ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ránṣẹ́, ti ọmọ àti ti òbí rẹ̀ tó ti dàgbà. Ọwọ́ òsì Bengal kì í bá ọ̀tún rẹ̀ mu, ti máàbù ló sì yàtọ̀ jù. Lọ́tùn-ún, máàbù tèmi ní ọnà kan tó gùn láti èjìká dé itan láìjá. Lósì, ọnà yẹn já sí mẹ́ta. Ọ̀tún nìkan ni wọ́n yà fún mi.